Fi Àdúrà Yẹn Sílẹ̀ fún Mi

Conyers, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì

Fọlákẹ́ Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé tí a bá ń kọ lẹ́tà, ká kọ́kọ́ sọ pé ara wa le, ká sì gbàdúrà pé kó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí à ń kọ ọ́ sí. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní torí pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dáadáa kí n wá purọ́ fún ọ. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí pé tó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì, o ti mọ bí ohùn mi ṣe ń dún ju bí èmi fúnra mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Jókòó kà á. Ibi tí kò bá yé ọ, kà á sókè, bóyá etí rẹ á rántí.

Mo gbọ́ pé ọjọ́ Monday lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù yín. Kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Sister Bísí ló dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jonesboro, ó ní, "Mummy Fọlákẹ́, ẹ kú oríire o. Gbogbo ayé ti mọ̀ yín báyìí." Mo ní oríire kí ni? Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

Mo rí ọ nínú fídíò náà. O wé gèlè bí mo ṣe ń wé e lọ sí ibi iṣẹ́, kókó níwájú orí. O wọ yẹ̀rì gígùn, o wọ bàtà funfun irú èyí tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń fi tow truck wọ́ Toyota kan lọ, o wá kúnlẹ̀ sórí títì ọlọ́dà, o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, o sì fi ohùn mi pariwo sí ojú ọ̀run: "God, I did not buy this Toyota for You to be collecting." Sister Bísí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Ó ní, "Ẹ̀yin gan-an nìyẹn, Mummy. Ẹ̀yin gan-an." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo rẹ́rìn-ín dé ìdí ọkọ̀ mi, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó síbẹ̀ títí gbogbo ọkọ̀ fi lọ tán.

Ó ní fídíò yẹn ni àwọn onífíìmù rí tí wọ́n fi pè ọ́. Ó ní wọ́n ti kọ odindi ìyá Nàìjíríà sínú eré náà nítorí rẹ, àti pé gbólóhùn yẹn ni wàá máa sọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́. Lónìí ọkọ̀ ni Ọlọ́run máa gbà, lọ́la fìríìjì, lọ́tùnla ajá. O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá òṣèré.

Àwọn ìyá tó ń kọ irú lẹ́tà báyìí máa ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Wọ́n á ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣe báyìí, mo kábàámọ̀, má ṣe bíi tèmi." Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ó sì mọ bí Ó ṣe ń kà á. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́ fún ọ.

O mọ ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ní Grayson, nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tí o máa ń pè ní "your Chinese patient." Màmá Lín ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Miss Rónkẹ́. O rántí pé mo sọ fún ọ pé òṣèré ni, o wá a lórí fóònù, o fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, o ní, "Mummy, ẹ wo irun rẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. O ò bi mí ohun kankan sí i, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà lẹ ń ṣe.

Ìmọ̀ràn mi kìíní ni pé kí o mọ ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ Georgia níbí ni Màmá Lín. Augusta ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ti China wá, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ń gbé. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ lòun náà ṣe ń sọ ọ́. Tí o bá dijú tó bá ní "y'all," wàá rò pé ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan láti Macon ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ní ti èdè China, kò gbọ́ ju wá jẹun, lọ sùn, má fọwọ́ kàn án. Èyí tí ìyá fi ń bá ọmọdé wí náà nìyẹn.

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí California láti lọ ṣe eré. Olùdarí àkọ́kọ́ tó rí wo ojú rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní àwọn méjèèjì kò bára mu. Wọ́n wá mú un lọ sọ́dọ̀ òyìnbó kan pé kó kọ́ ọ bí àwọn ará China ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá Lín sọ èyí fún mi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Miss Rónkẹ́, ọkùnrin yẹn ò dé China rí. Ilé ìfọṣọ ló ti rí wọn." Ohun tí òyìnbó náà kọ́ ọ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà tí ebi fẹ́ lù ú pa níbẹ̀ ló rántí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn káúńtà ní Augusta, bó ṣe máa ń kígbe mọ́ àwọn ọmọdé tó ń fọwọ́ tẹ búrẹ́dì, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ lápá tó rọ lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pè é, ó la ẹnu, ó kígbe bí ìyá rẹ̀. Gbogbo yàrá náà dojú dé fún ẹ̀rín. Wọ́n fún un níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé o ti ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?

Ìmọ̀ràn kejì. Ẹ̀rín tí wọ́n bá fi gbà ọ́ wọlé, àyè ẹ̀rín nìkan ni wọ́n máa fún ọ nínú ilé náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Màmá Lín kò ṣe nǹkan míì mọ́. Ó ṣe onílé tó ń lé ayálégbé, ó ṣe alágbàfọ̀, ó ṣe ìyá ọkọ, ó ṣe òkú nígbà kan. Gbogbo rẹ̀, ariwo ni, àyàfi ti òkú. Nígbà kan wọ́n fún un ní ipa dókítà. Wọ́n gbà kó lo ohùn ara rẹ̀, ohùn Augusta. Ó pe gbogbo ẹni tó mọ̀ pé kí wọ́n lọ wò ó. Nígbà tí fíìmù jáde, wọ́n ti gé e kúrò. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa gbà pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè ti irú ojú bẹ́ẹ̀ jáde.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n ṣe àsè ńlá fún un, wọ́n fún un ní àwo ìyìn. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n ní òun ló la ọ̀nà fún àwọn. Wọ́n wá gbé fíìmù sára ògiri kí àwọn èèyàn lè rí iṣẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n gbé síbẹ̀? Igbe orí búrẹ́dì. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé kí ló wá ṣe. Ó ní, "Kí ni kí n ṣe, Miss Rónkẹ́? Mo tún un ṣe fún wọn."

Má rò pé mò ń sọ pé kí o fi iṣẹ́ eré sílẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Bàbá rẹ ló fẹ́ kí o ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mò ń wà ọ́ lọ sí kíláàsì eré ní Decatur ní gbogbo Saturday, tí mo bá ti shift dé, tí mo máa sùn sínú ọkọ̀ títí o fi máa parí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé mo fẹ́ fi ọmọ ṣòfò. Mo ní ọmọ mi mọ ohun tó ń ṣe. Tí mo bá mọ̀ pé èmi ni wàá lọ fi ṣe é, ǹ bá ti gbé mátírẹ́ẹ̀sì dání lọ sùn.

Ìmọ̀ràn kẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́. Rántí pé ẹni tí o mú ohùn rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Fíìmù Màmá Lín dé Augusta. Ìyá rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ aṣọ tó dáa jù, òun àtàwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ sí sinimá. Ó ti ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún gbogbo oníbàárà. Nígbà tí ọmọ la ẹnu, sinimá mì tìtì fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ìyá, torí pé wọ́n mọ ohùn náà. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Inú wọn dùn sí i ni. Nígbà tó yá, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń fi igbe náà kí i, àgbà àti ọmọdé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka júwe dípò kó sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ló wá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí Màmá Lín wálé pẹ̀lú ẹ̀bùn, èdè China nìkan ni ìyá rẹ̀ bá a sọ. Ó bẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyá fèsì lédè China. Ó kúnlẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Ìyá gbé e dìde, ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ lédè tí ọmọ kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ìyá fi kú. Nígbà tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Bàbá ti kú nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ ẹ̀. Títí di òní, Màmá Lín kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ dárí jì í ni o, àbí ó ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà.

Ní báyìí, bí ara rẹ̀ kò bá dá, ohùn ìyá rẹ̀ ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Á máa kígbe pé kí wọ́n má fọwọ́ kan búrẹ́dì. Ọmọ rẹ̀ á gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Èmi á jókòó tì í, màá ní, "Wọn ò ní fọwọ́ kàn án, Mà," á sì sinmi.

Òun ló rí i pé ojú mi wú lọ́jọ́ kejì tí mo rí fídíò rẹ. Ó ní kí n fi hàn òun. Ó wò ó dé òpin, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ṣé ọmọ rẹ gbọ́ èdè rẹ?" Mo ní ó gbọ́ díẹ̀. Ó ní, "Díẹ̀ yẹn náà ni kó o dìmú. Sọ tèmi fún un."

Mo ti sọ tirẹ̀. Jẹ́ kí n wá sọ tèmi.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yìí, o bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ìwọ tó jẹ́ pé tí mi ò bá pè ọ́, mi ò ní gbúròó rẹ. "Mummy, kí lẹ jẹ? Mummy, ẹ tún sọ ti ọlọ́pàá tó dá yín dúró ní Covington. Mummy, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ fún un?" Mo máa ń pa iná ọbẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo sọ fún Sister Bísí pé ọmọ mi ti wá dàgbà, pé kì í lè jẹun alẹ́ láìgbọ́ ohùn mi. Gbogbo ìtàn wọ̀nyẹn ni mo rí nínú àwọn fídíò rẹ yòókù nígbà tí mo wá wọn lọ: ọlọ́pàá Covington, bí mo ṣe ń ka nǹkan ní firstly, secondly, B. Ìgbà tí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ni ìpè dá. Iṣẹ́ lò ń ṣe, Fọlákẹ́. Èmi rò pé ọmọ lò ń ṣe fún mi.

Síbẹ̀, ǹ bá ti gbé ìyẹn mì. Àwa ìyá ti gbé ohun tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n àdúrà yẹn há mi lọ́fun, o sì mọ ibi tí o ti mú un.

O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ wà ní Nàìjíríà, ó lọ sìnkú bàbá tirẹ̀. Ikọ́ asma rẹ dé lọ́sàn-án, ìnhélà kò ràn án, ètè rẹ ti ń dúdú kí ọkọ̀ ọsibítù tó dé. Wọ́n ti ọ̀pá èémí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Dókítà kan wá bá mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí ní ma'am. Mo mọ ohùn yẹn, torí pé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lèmi náà ń ṣe. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ni nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ parí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù ọsibítù yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbàdúrà, torí pé mo fẹ́ kí àwọn dókítà gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún Ọlọ́run, kí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ní, "God, I did not born this child for You to be collecting." Gẹ̀ẹ́sì náà kò dáa. Èmi náà mọ̀. Òun ló wà lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì kan gbé mi dìde, kò rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti ń mí.

Ìwọ kò gbọ́ àdúrà yẹn lọ́jọ́ náà. Nínú ẹ̀rí tí mò ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún lo ti gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ tí mo bá sọ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á pariwo Halelúyà, ìwọ á bo ojú rẹ. Mo rò pé ìtìjú ni. Mi ò mọ̀ pé o ti ń kọ́ ọ sórí.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá yìí ni ọjọ́ ẹ̀rí náà tún pé. Mo dìde, wọ́n fún mi ní gbohùngbohùn. Mo sọ ti bàbá rẹ tí kò sí nílé, mo sọ ti ètè rẹ. Bí mo ṣe ní "Mo wá kúnlẹ̀," ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹnì kan lẹ́yìn bá mi parí rẹ̀, ó ní, "this Toyota," gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dá gbohùngbohùn padà, mo ní ẹ yin Olúwa, mo lọ jókòó. Lójú wọn, ẹ̀rí ti parí.

A kì í fọmọ orò bọrò, Fọlákẹ́. Mú gèlè mi. Mú ìrìn mi, mú bàtà mi, mú firstly, secondly, B, mú ọlọ́pàá Covington, fi jẹun, kí Ọlọ́run bù sí i fún ọ. Àdúrà kan ṣoṣo yẹn ni kí o fi sílẹ̀ fún mi. Sọ fún wọn kó tó di Monday pé kì í ṣe tìrẹ. Wá nǹkan míì tó pani lẹ́rìn-ín, orí rẹ pé, mo mọ̀. Tí wọ́n bá ní àdúrà yẹn làwọn ń rà, pé tí kò bá sí i kí o máa lọ sílé, ó dáa kí o ti tètè mọ ohun tí wọ́n rà.

Mi ò ní ṣe bíi ìyá Augusta. Tí o bá pè, màá gbé e. Ṣùgbọ́n màá máa wo ẹnu mi kí n tó là á, màá sì máa bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Mi ò fi halẹ̀ mọ́ ọ. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ Sunday.

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti Sister Bísí. Ìnhélà ṣì wà nínú báàgì rẹ. Tí irú ọjọ́ yẹn bá tún dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí dókítà tún fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí ní ma'am, mo mọ ara mi, màá kúnlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á ti wo fíìmù rẹ. Kí ni kí n wá sọ fún Ọlọ́run nípa rẹ tí wọn ò ní rẹ́rìn-ín?

Èmi ìyá rẹ,
Rónkẹ́